Ta Ni Yóò Bomi Rin Igi Náà?

Ẹni tí ó bá jókòó sí oríta Ọ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò rí ohun púpọ̀ kí oòrùn tó mú. Yóò rí ọkọ̀ tí ń ti Èkó bọ̀ tí ó ń lọ sí Benin, yóò rí èyí tí ń ti Benin bọ̀ tí ó ń lọ sí Èkó, yóò rí àwọn tí ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá. Bí ó bá sì fara balẹ̀, yóò rí ọkọ̀ gẹdú. Ọkọ̀ náà kì í sáré. Igi ńláńlá ni a fi ẹ̀wọ̀n irin dè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, èèpo ṣì wà lára wọn, ojú ibi tí ẹ̀rọ ti gé wọn ṣì tutù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà ní oríta kì í wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti bá a níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dáyé, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kọjá títí láé.

Kì yóò máa kọjá títí láé. Inú igbó ni ó ti ń wá, igbó náà sì ní òpin.

Igbó Olúwa, tí ó ń jẹ́ orúkọ odò Olúwa, wà ní ilẹ̀ Odigbó yìí. Láti ìgbà ìjọba àwọn Òyìnbó ni a ti yà á sọ́tọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì ju 800 kìlómítà níbùú lóròó lọ, bí ó bá jẹ́ ti orí ìwé. Bí ènìyàn bá ré ààlà kọjá sí ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó Omo ni yóò bá, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 1,325 kìlómítà níbùú lóròó, tí àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ilẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ayé bá wọn ṣọ́ ní 1977. Bí ó bá yà sí apá Ọ̀ṣun, igbó Ṣáṣá ni. Nígbà kan rí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so kọ́ra wọn bí ìró obìnrin kan ṣoṣo. Erin ṣì wà nínú igbó Omo títí di òní. Erin gan-an ni, kì í ṣe àwòrán erin lára ògiri ilé ìwé.

Àwọn tí ń ta pákó ní ìlú Òyìnbó mọ igi ilẹ̀ yìí dé orúkọ: ìrókò, ìdígbó, afárá, ọpẹpẹ. Ẹnu Yorùbá ni wọ́n ti gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí, àwọn náà ni wọ́n sì ń kọ sára ọjà wọn dòní. Ọmọ Ọ̀rẹ̀ mélòó ni ó lè na ìka sí ìdígbó nínú igbó kí ó sì ní òun nìyí? (Orúkọ Odigbó pàápàá, bí a bá pè é kíákíá, a máa dún létí bí ẹni pé ẹnì kan ń sọ pé ó di igbó. Kí àwọn onítàn ìlú má bínú, ọ̀rọ̀ etí ni èyí, kì í ṣe ìtàn.)

Kì í ṣe ọwọ́ kan ni ó tú igbó náà. Onígẹdú wọ inú rẹ̀, ó gé èyí tí ó tóbi. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ onígẹdú là sílẹ̀ ni àgbẹ̀ gbà wọlé, ó sì gbin kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ ìwọ̀nba igi tí ó kù. Ìjọba fúnra rẹ̀ ro igbó àbáláyé ní ibi púpọ̀, ó gbin gmelina sí i, igi tí a mú wá láti ilẹ̀ Éṣíà nítorí pé ó ń tètè dàgbà, pẹ̀lú èrò pé ilé iṣẹ́ bébà tí a ń kọ́ sí Ìwòpin yóò máa rà á. Ilé iṣẹ́ bébà náà kò rìn bí a ti rò ó, gmelina sì di pákó àti igi àjà. Apá ibòmíràn di oko ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ gbójú sókè nínú mọ́sálásí tí ó jókòó sí: igi tí ó gbé páànù ró lókè orí rẹ̀, inú irú igbó báyìí ni ó ti wá. Owó gẹdú ti rán ọmọ púpọ̀ lọ sí ilé ìwé, ó ti rán òbí púpọ̀ lọ sí Mẹ́kà. Nítorí náà kò sí èébú kankan fún oníṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ tí ó sì gé igi tí a ní kí ó gé, halal ni ó jẹ. Ohun tí ó burú ni pé kí gbogbo ìlú jẹ́ agégi, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ olùtọ́jú igi.

Àwọn ọ̀dọ́ kò kúkú sùn. Ní ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà bá ti ń súnmọ́, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àyíká ní 1972, ẹgbẹ́ á pe ìpàdé. Wọ́n á dá owó jọ. Wọ́n á tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára fáníìlà, wọ́n á yá àga àti ìbòòrùn, wọ́n á kọ ìwé sí alága ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ náà, àlejò pàtàkì á fi ṣọ́bìrì bu erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ayàwòrán á ní kí ó dúró bẹ́ẹ̀ ná, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ìrẹsì á dé. Kí àkókò Àláásárì tó tó, ilẹ̀ ti dá, àga ti wọ ọkọ̀, ó wá ku ọmọ igi nìkan níbẹ̀.

Oṣù Kẹfà kì í pa ọmọ igi. Òjò wà. Oṣù Keje rọrùn fún un, oṣù Kẹjọ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ náà kì í pa á. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Òjò ti lọ, gbòǹgbò kò tí ì jìn, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ewúrẹ́ dé, nítorí pé ewúrẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Nígbà tí gbogbo koríko bá gbẹ, ewé tútù kan ṣoṣo tí ó wà ní pápá ni yóò jẹ. Ọyẹ́ dé. Ẹni tí ń dáná sun oko rẹ̀ ní ìdojúkọ pápá kò mọ̀ pé ẹnì kan gbin nǹkan sọ́hùn-ún. Nígbà tí oṣù Kẹfà mìíràn bá yí ká, ẹgbẹ́ á tún dé pẹ̀lú fáníìlà tuntun, wọ́n á sì gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ ihò àná. Bí a bá ka iye igi tí àwọn ẹgbẹ́ ti gbìn nínú ìwé ìròyìn láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò yẹ kí oòrùn tún ríbi pa ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìlú wa mọ́.

Àwọn tí ó dàgbà kò ní gbàgbé 1984, nígbà tí ìjọba ológun gbé ogun ti ìwà ìbàjẹ́, tí ó sì ní kí gbogbo ìlú máa tún àyíká ṣe ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù. Ìlú mọ́ nígbà náà, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ṣọ́jà ni ó mú un mọ́. Ẹlòmíràn á kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí etí gọ́tà, á fi í síbẹ̀, òjò tí ó bá kọ́kọ́ rọ̀ á sì dá a padà. Nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, iṣẹ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ tí pàṣán bí, bí pàṣán bá ti kúrò nílẹ̀ ni yóò kú. Iṣẹ́ tí àwòrán bí náà kò yàtọ̀: bí ayàwòrán bá ti lọ, ó tán.

Ọgbọ́n tí yóò tún èyí ṣe kò jìnnà, ọ̀dọ̀ àwọn baba ni ó wà. Àwọn baba wa ní ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ní àáró, wọn kì í sì í pe ọ̀kan ní èkejì. Ọ̀wẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá nílẹ̀ bẹ àwọn ènìyàn lọ́jọ́ kan, kí ó se oúnjẹ fún wọn, kí wọ́n bá a ṣe é, kí oníkálukú máa lọ. Àáró yàtọ̀. Ẹgbẹ́ tí ń ṣe àáró á ṣiṣẹ́ lóko ti Lámọnrín lónìí, á ṣe é lóko ti Làkáṣègbè ní ọ̀túnla, títí yóò fi kárí. Kò sí ẹni tí ó lè jẹ àáró tirẹ̀ tán kí ó sì fara pamọ́, nítorí pé wọ́n mọ ilé rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni ọjọ́ ìgbingi tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe. Àáró ni igi ń fẹ́.

Obìnrin kan mọ èyí ní ilẹ̀ Kenya. Wangari Maathai dá ẹgbẹ́ Green Belt sílẹ̀ ní 1977, ó ń kó àwọn obìnrin abúlé jọ láti máa tọ́jú ọmọ igi kí wọ́n sì máa gbìn ín. Ẹgbẹ́ náà ń fún wọn ní owó díẹ̀ lórí igi kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: kì í ṣe igi tí wọ́n gbìn ni wọ́n ń gbowó lé lórí, igi tí ó yè ni. Wọ́n ní láti dúró tì í kí wọ́n tó gbowó. Nígbà tí a fún Maathai ní ẹ̀bùn Nobel fún àlááfíà ní 2004, igi tí wọ́n ti gbìn ti lé ní 30 mílíọ̀nù.

Èkejì súnmọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ kan wà ní abúlé Gourga ní àríwá ilẹ̀ Burkina Faso, Yacouba Sawadogo lórúkọ rẹ̀. Ilé kéú ni wọ́n mú un lọ ní kékeré, ní ilẹ̀ Mali, kò kàwé Òyìnbó. Nígbà tí ọ̀dá mú ilẹ̀ wọn ní àwọn ọdún 1980, tí àwọn ènìyàn ń kó lọ sí ìgboro, òun jókòó. Ó ń gbẹ́ ihò kéékèèké sínú ilẹ̀ líle nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń da ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀; ikán á wá jẹ ìgbẹ́ náà, á lu ilẹ̀, omi òjò á sì ríbi wọlé. Jéró hù nínú ihò náà, igi náà sì hù. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n dáná sun ohun tí ó gbìn. Ó tún un gbìn. Igbó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá padà lé ní 20 hẹ́kítà, irú igi àti igi kéékèèké tí ó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 60. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018, ó sì jáde láyé ní oṣù Kejìlá 2023. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Ohun tí ó kan àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ jùlọ nínú ìtàn rẹ̀ ni ọjọ́ ọjà tí ó máa ń pè sí oko rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn àgbẹ̀ máa ń wá láti abúlé púpọ̀, wọ́n á kó irúgbìn wá, wọ́n á pàrọ̀ rẹ̀, wọ́n á wo ihò tuntun, wọ́n á bi ara wọn léèrè ohun tí ó yè àti ohun tí ó kú. Ayẹyẹ náà ni èyí. Àwọn ènìyàn péjọ, oúnjẹ wà, ẹ̀rín wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ayẹyẹ yẹn ń tẹ̀lé, kì í ṣe pé ayẹyẹ ni iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè dé ibẹ̀ kí ó máa sọ iye igi tí ó gbìn, nítorí ohun tí àwọn yòókù yóò bi í ni iye tí ó kù.

Ní ọdún 2018 kan náà, ẹ̀bùn kan náà, wọ́n fún ará Australia kan tí ń jẹ́ Tony Rinaudo pẹ̀lú. Òun ti lo ọdún díẹ̀ ní agbègbè Maradi ní ilẹ̀ Niger, ó ń gbin igi, igi ń kú. Ní nǹkan bíi 1983 ni ó ṣàkíyèsí pé ohun tí òun ń pè ní koríko inú oko, kùkùté igi tí ó ń rú ni. Gbòǹgbò rẹ̀ kò kú nísàlẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá yan ẹ̀ka kan tàbí méjì lára ohun tí ó rú, tí ó gé ìyókù, tí kò sì jẹ́ kí iná àti ẹran dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, igi á padà bọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbin nǹkan kan. Àwọn àgbẹ̀ Niger, tí ọ̀pọ̀ jùlọ wọn jẹ́ Mùsùlùmí, ti fi ọgbọ́n yìí dá igi padà sórí ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fojú bù sí 5 mílíọ̀nù hẹ́kítà. Aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ilẹ̀ Odigbó tí òjò ń rọ̀ sí fún oṣù bíi méje, tí èso igi ń já bọ́ sínú ewé jíjẹrà, kí ni ì bá ṣe bí a bá kàn jẹ́ kí ó sinmi?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ láìfi bò, bí ó tilẹ̀ lè korò létí àwọn kan. Ní ayé àtijọ́, igbó wà létí odò púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ fọwọ́ kàn. Òrìṣà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Nígbà tí wàásù dé, tí àwọn ènìyàn mọ̀ pé kò sí ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù bí kò ṣe Ọlọ́hun, ìbẹ̀rù náà kúrò. Ó dára kí ó kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lé adènà lọ lẹ́nu ọ̀nà, ó yẹ kí ó ti mọ ẹni tí yóò dúró níbẹ̀ dípò rẹ̀. Ní ibi púpọ̀, kò sí ẹni tí ó dúró. Bí wọ́n ti ní kò sí òrìṣà níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àáké wọlé, odò tí ń ṣàn láti ọdún dé ọdún sì di èyí tí a ń dá lẹ́sẹ̀ kọjá ní oṣù Kejì.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ẹ̀sìn fi í lélẹ̀. Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pààlà sí ilẹ̀ Mẹ̀dínà, ó ní a kò gbọdọ̀ gé igi ibẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ lé ẹran ìgbẹ́ rẹ̀. Ó ya pápá kan sọ́tọ̀ fún ẹṣin àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí ó kan Úmárù, ó fi ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hunayy ṣe olùṣọ́ irú pápá bẹ́ẹ̀, ìlànà tí ó sì fún un jẹ́ ohun ìyanu: ó ní kí ó jẹ́ kí ẹni tí ẹran rẹ̀ kò pọ̀ wọlé, kí ó sì dí ọ̀nà mọ́ agbo ẹran Úsímáánù àti ti Abdur-Rahman ọmọ Awf, àwọn ọlọ́rọ̀ nínú àwọn Sàhábà, nítorí pé bí ẹran ọlọ́rọ̀ bá kú, ó ní oko mìíràn tí yóò padà sí, ṣùgbọ́n bí ti tálákà bá kú, yóò kó ọmọ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà olórí láti wá sunkún. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ìlànà yẹn: ilẹ̀ tí a pààlà sí, ènìyàn tí a mọ orúkọ rẹ̀ tí a fi ṣọ́ ọ, àti ìdájọ́ òdodo tí ó ro ti ẹni tí kò ní. Ní ti igbó ìjọba lóde òní, ààlà wà nínú ìwé. Olùṣọ́ kò tó nǹkan. Ní ti ìdájọ́, àgbẹ̀ tí ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lé, ọkọ̀ gẹdú a sì máa kọjá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ọ̀rọ̀ igbó àti ẹranko, ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni. Ẹni tí ó dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, Mùsùlùmí ni: Olóyè Shafi Lawal Edu, tí a bí ní 1911 tí ó sì jáde láyé ní 2002. Oníṣòwò ńlá ni, ì bá fi owó rẹ̀ kọ́ ilé sí ilé. Àjọ náà ni ó ń tọ́jú ọgbà Lekki ní Èkó, 78 hẹ́kítà, tí a dá sílẹ̀ ní 1990. Àwọn ilé ńláńlá ti yí ọgbà náà ká lónìí, ilẹ̀ ibẹ̀ ti di wúrà. Síbẹ̀ ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi nínú rẹ̀, nítorí pé a yan ẹni tí yóò máa ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ tí yóò sì tì í ní ìrọ̀lẹ́. Àjọ yìí kan náà ti ṣiṣẹ́ nínú igbó Omo, lẹ́yìnkùlé Ọ̀rẹ̀ níhìn-ín.

Kí wá ni ọ̀dọ́ tí kò ní owó Edu lè ṣe ní Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó? Kí ó má ṣe wọ inú igbó Olúwa lọ láti lọ dojú ìjà kọ agégi ni àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ṣì ń rántí ìjà Ọ̀rẹ̀ ti oṣù Kẹjọ 1967, wọ́n sì ń fi í pa òwe. Ìlú yìí kò nílò èkejì. Ẹni tí ó mú ẹ̀rọ agégi lọ́wọ́ ní òru kò wá gbọ́ wàásù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni igbó náà, òun ni ó sì ni àwọn olùṣọ́ rẹ̀. Tiwọn ni kí wọ́n mú un. Ohun tí ọ̀dọ́ lè ṣe níbẹ̀ ni kí ó fojú rí, kí ó kọ ọjọ́ àti ibi sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó igbó, kí wọ́n sì tún fi òmíràn ránṣẹ́ bí èsì kò bá dé.

Ilẹ̀ mìíràn wà tí kò sí ẹni tí yóò bá wọn du. Yídì wà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni a ń lo Yídì, ìyókù ọdún koríko ni ó ń hù, àwọn arúgbó tí ó bá sì wá kírun níbẹ̀ nígbà Iléyá, oòrùn ni wọ́n ń jókòó sí. Itẹ́ òkú wà. Ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí wà. Etí odò kéékèèké wà, bí ẹgbẹ́ bá lọ bá ẹbí tí ó ni ilẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n sì gbà. Kí wọ́n mú ọ̀kan péré nínú wọn. Igi 40 tí ó yè ní Yídì sàn ju 1,000 tí a kà fún oníwèé ìròyìn.

Kí wọ́n sì mọ igi tí wọn yóò gbìn. Gmelina kò ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n gmelina ti pọ̀ tó ní Odigbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìrókò kí ó ṣọ́ra: kòkòrò kékeré kan wà tí ó máa ń mú ewé àti ẹ̀ka ọ̀dọ́ rẹ̀ wú títí yóò fi kú, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ jùlọ níbi tí a bá ti gbin ìrókò nìkan jọ. Nínú igbó, ìrókò kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, láàárín igi mìíràn, ni Ọlọ́hun fi í sí. Agbálùmọ̀ dára, ọmọdé á jẹ nínú rẹ̀, ẹyẹ á jẹ nínú rẹ̀. Ànọ́bì sì ti fi yé àwọn Mùsùlùmí pé ohun tí ẹyẹ bá jẹ lára igi ènìyàn, sàráà ni fún ẹni tí ó gbìn ín.

Ẹnì kan lè bèèrè pé owó dà? Owó wà nínú fáníìlà. Ohun tí ẹgbẹ́ ń ná lórí fáníìlà àti ìbòòrùn ní ọjọ́ kan tó láti ra kẹ́ẹ̀gì omi, àdá, àti ọparun tí a ó fi ṣe ọgbà yí igi ká nítorí ewúrẹ́. Kí wọ́n pín igi náà mọ́ orúkọ: igi mẹ́rin fún ènìyàn mẹ́rin, kí àwọn mẹ́rin náà máa ṣe àáró omi láti oṣù Kọkànlá títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni ọmọ igi sábà máa ń fẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ tó lè wá omi tirẹ̀. Kí wọ́n ro ilẹ̀ yí gbogbo rẹ̀ ká ní oṣù Kejìlá, kí iná má baà ríbi gbà. Àwọn arábìnrin ni kí wọ́n fi ìwé orúkọ náà lé lọ́wọ́, nítorí pé nínú ẹgbẹ́ púpọ̀ àwọn ni wọ́n máa ń rántí ohun tí a ti sọ nípàdé tó kọjá. Iṣẹ́ fíì sábílílláhì ni, kò sí owó oṣù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú rẹ̀ náà pé kí ènìyàn wá lọ́jọ́ tí ó bá wù ú.

Àwọn kan yóò ní kí ni 40 igi lójú 800 kìlómítà igbó tí ń lọ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ tí ó bá ti fi ọdún méjì rẹ́rù omi fún igi mẹ́rin kò ní wo ọkọ̀ gẹdú tí ń kọjá ní oríta Ọ̀rẹ̀ bí ó ti ń wò ó tẹ́lẹ̀. Yóò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Yóò mọ iye ẹ̀ẹ̀rùn tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá sì di kánsẹ́lọ̀ lọ́jọ́ kan, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ jogún iṣẹ́ gẹdú lọ́wọ́ baba rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní yá jù.

Òjò ọdún yìí yóò dá ní ìparí oṣù Kẹwàá, bí ó ti máa ń dá. Kí ẹgbẹ́ tí ó bá ti gbin nǹkan sí ibikíbi ní Ọ̀rẹ̀ tàbí Odigbó rán ènìyàn méjì lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá, kí wọ́n lọ ka èyí tí ó kù, kí wọ́n wo bí kànga Yídì ṣì ń sun, kí wọ́n sì bèèrè ọwọ́ ẹni tí okùn rẹ̀ wà.